Ọbẹ̀ Tí A Ò Tọ́ Wò

Gbogbo ará ilé ló ń pè é ní Ìyàwó. Kì í ṣe pé kò lórúkọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó wọ ìlú náà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan, ìkòkò mélòó kan àti fáànù tó ń ké bí ọmọ tuntun, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè orúkọ. Dígí ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe. Ó ń gé e, ó sì ń fi í sójú fèrèsé àwọn ilé gíga tí kò jọ pé òun náà yóò gbé inú irú wọn. Ó fẹ́ràn àti máa sọ pé, "Ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Èmi tí mò ń gé dígí, mo mọ bí baba ṣe ń tètè fọ́ tó." Ìyàwó á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti gbọ́ ọ títí ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹ̀rín yẹn ló dùn mọ́ ọn jù nílé ọkọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ilé ìdáná wọn tóóró débi pé bí ẹnì kan bá ń ro ọbẹ̀, ẹnì kejì á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n yàrá náà ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà sì ní kọ́kọ́rọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, baba rẹ̀ sì ti kú nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́. Kò sọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kì í pè é láìmọye ìgbà: wá mú un, wá gbà á, wá tọ́ ọ wò.

Alásè ni ìyá náà. Ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni wọ́n ti ń dáná, ìkòkò ibẹ̀ sì tóbi débi pé ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Láti kékeré ni Ìyàwó ti ń bá wọn lọ. Bí ọbẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, Màmá á fi ṣíbí onígi bù ú, wọ́n á kán an sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, wọ́n á ní, "Tọ́ ọ wò fún mi. Iyọ̀ ńkọ́?" Ọmọ á lá a, á dijú bí adájọ́, á ní ó kù díẹ̀ tàbí ó tó. Ohun tó bá ti sọ labẹ gé. Ó dàgbà, ó di igbá-kejì ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná náà, àtẹ́lẹwọ́ yẹn ò sì sinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa yin ọwọ́ Màmá lójú rẹ̀, òun náà á máa fi wọ́n yangàn, títí ọjọ́ tí Dígí wá tún fèrèsé ilé oúnjẹ náà ṣe, tó sì gbé ọmọ alásè lọ.

Ìgbéyàwó wọn ò tíì pé ọdún tí fóònù fi dún. "Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́," ni Màmá wí. "Mò ń bọ̀ wá wò yín." Inú Dígí dùn bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ló ń bọ̀. Ó ní, "Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni, ǹ bá ní kí wọ́n kúkú wá máa bá wa gbé." Inú Ìyàwó náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn ló ti ń ronú ọjọ́ tí wọn yóò padà.

Ẹrù tí Màmá gbé wá ló kọ́kọ́ kọ ọ́ lóminú. Ẹni tó wá kí èèyàn kì í gbé ìrọ̀rí àti ìkòkò tirẹ̀ dání. Ìyàwó rí i, ó wò ó, ó gbójú kúrò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé gan-an, Màmá ò jókòó. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ilé ìdáná. Kò pẹ́ tí òórùn àlùbọ́sà àti tòmátì fi gba gbogbo ilé kan. Ìyàwó ń tẹ́ ibùsùn sí pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn náà.

"Ìyàwó! Wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ yìí wò."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ṣíbí lókè, ó rí ọbẹ̀ tó ń kán. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, Màmá! Ta ni mo jẹ́ tí n ó máa tọ́ ọbẹ̀ yín wò? Ìgbà ọmọdé nìyẹn. Ọwọ́ yín kì í tàsé."

"Ṣáà tọ́ ọ wò."

"Rárá o, Màmá. Wọ́n á ní ilé ọkọ ò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́."

Màmá dúró síbẹ̀. Ṣíbí náà ò sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Òótọ́ ni. O ti di ìyá ilé," wọ́n sì yíjú sí iná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni Ìyàwó sọ, kò sì sí àgbà tí kò ní í gbè é lẹ́yìn. Èwo ni kí ọmọ máa ṣe adájọ́ ọbẹ̀ ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìdajì lásán ni ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. Ìdajì yòókù ni pé ó ti búra nínú ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ẹnikẹ́ni ò tún ní í kán ọbẹ̀ gbígbóná sí òun lọ́wọ́ mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọ̀wọ̀ gba gbogbo ìyìn.

Ìka Dígí ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Gíláàsì ti gé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe fi búrẹ́dì kan ọbẹ̀, tí ọbẹ̀ sì kan ojú egbò, ó fò sókè lórí àga. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n tó gbọ́. Iyọ̀! Kì í ṣe iyọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ o. Iyọ̀ tó ń mú kí etí ẹni gbóná ni. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo àwo.

"Ṣé ó dáa?" ni Màmá béèrè.

"Ó dáa kọjá ààlà, Màmá. Ọwọ́ yín ò ní í rọ o," ni Dígí wí, ó sì nawọ́ sí ife omi.

Kí lẹ fẹ́ kí àna tún sọ? Màmá rẹ́rìn-ín, ojú wọn sì tú ká. Wọ́n tún bù ú sí i fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà ò níyọ̀ rárá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, iyọ̀ padà wá pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀. Dígí rọra sọ nínú yàrá pé, "Ìyàwó, ṣé Màmá ṣì ń bínú pé mo gbé ọmọ wọn lọ ni? Bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, jẹ́ kí n tètè dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n má fi iyọ̀ pa mí." Tọkọtaya náà fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ́rìn-ín, nítorí ògiri tín-ín-rín ló wà láàárín yàrá àti pálọ̀. Ẹ̀rín abẹ́ ìrọ̀rí ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ò fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí i sí ìyá tó bí i.

Bẹ́ẹ̀ ìyá ọ̀hún ò ṣe nǹkan kan tó burú. Kí ọmọ tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti ká aṣọ, wọ́n á ti rán bọ́tìnnì tó já mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àna wọn. Aládùúgbò kan tiẹ̀ sọ fún Ìyàwó pé, "Ìwọ mà rí tajé ṣe o. Tèmi bá wá, ẹjọ́ ni wọ́n ń kó wá bá mi." Ìyàwó ní àbí ẹ ò rí nǹkan, ó sì yára wọlé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò yẹ. Ilé ìfọṣọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé ìtura. Kó tó lọ síbẹ̀ láàárọ̀, á yọ́ gba ẹ̀yìn ilé, á da ìdajì ọbẹ̀ Màmá sí gọ́tà, á bu omi àti ọ̀dùnkún sí ìyókù, á gbé e padà sórí iná. Tó bá wá di àsìkò oúnjẹ, á ní, "Màmá, ọbẹ̀ yín mà tún dùn lónìí o." Ó ní ṣe ni òun ń bo ìyá òun láṣìírí. A kì í wojú àgbà ká ní oúnjẹ wọn ò dára, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọbẹ̀ bá ń ṣàn lọ nínú gọ́tà, àyà rẹ̀ máa ń já bíi ti olè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá ló dúró pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ pọn omi. Ọbẹ̀ ṣì ń kán láti ẹnu ìkòkò tí Ìyàwó gbé dání.

"Ó ti kan ni?" ni Màmá béèrè.

Ó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ náà ti wà létè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó jáde.

"Iyọ̀ ló pọ̀ jù, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ti àná ńkọ́?"

"Ti àná náà."

"Ti ọjọ́ tí mo dé?"

Ìyàwó wo ìkòkò ọwọ́ rẹ̀. Màmá gbé korobá kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá rọrùn fún un.

"N ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu," ni wọ́n wí. "Iyọ̀ o, ṣúgà o, ìkan náà ni gbogbo wọn. Àìsàn kan ló ṣe mí nígbà tó o ṣì kéré. Nígbà tí mo fi máa dìde, ẹnu mi ti kú. N ò sọ fún ẹnì kankan. Alásè tí kò mọ adùn, ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́? Mo ṣáà bímọ, ọmọ náà sì láhọ́n."

"Màmá..."

"Nígbà tó o lọ ilé ọkọ, mo gbìyànjú. Mo fojú díwọ̀n, mo fọwọ́ díwọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá ní kí n máa lọ sinmi nílé. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n ṣe é o, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Màmá ń wo ọwọ́ wọn. "N ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Mo kàn ní kí n wá wo bí ilé yín ṣe rí."

Wọ́n dákẹ́. Ìyàwó mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà ń dúró dè. Gbólóhùn kan péré ni: Màmá, ẹ dúró tì wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó la ẹnu. Ó rántí yàrá rẹ̀ àti ẹ̀rín tí wọ́n ń fi ìrọ̀rí bò. Ó rántí gbogbo "wá tọ́ ọ wò" tó ti jẹ́ láyé, ó sì rí òmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, lọ́jọ́ gbogbo, títí ìyá rẹ̀ yóò fi dàgbà kùjọ́kùjọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ló wí.

Ẹ pẹ̀lẹ́! Ohun tí à ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú títì. Màmá mi orí, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n sì gbé korobá wọn lọ síbi omi.

Ní gbogbo ọjọ́ náà, ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó gbádùn. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan, ọ̀gá rẹ̀ sì bá a wí gidigidi. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ ọn pé ẹnì kan bá òun wí. Wọ́n ní òkété bó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà ò sọ ohun tí à ń pe ọmọ òkété tó bá gba ọmú kúrò lẹ́nu ìyá. Ó jẹ̀bi, ó sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ó sì pinnu pé bí òun bá ti délé, òun á sọ gbogbo rẹ̀ fún Dígí. Ó mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Bí Dígí bá gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Màmá, ọjọ́ náà gan-an ló máa lọ wá bẹ́ẹ̀dì tuntun sí pálọ̀. Ìdí tí kò fi sọ fún un nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Màmá ti di ẹrù wọn. Ojú Dígí fàro.

"Ẹ̀yin Màmá, ẹ ẹ̀ tíì lo ìsinmi yín tán! Àbí a ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o, ọkọ ọmọ mi. Wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́ ni."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Ìyàwó ni wọ́n ń wò. Kò sí ìbínú lójú wọn. Ṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tó yẹra lójú ọ̀nà kí ọmọdé lè ráyè kọjá. Dígí náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, kó lè bá òun bẹ̀ wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyàwó wí. "Wọ́n ń retí wọn."

"Ó dáa náà. Ẹ bá wa kí wọn níbi iṣẹ́ o," ni Dígí wí.

"Wọ́n á gbọ́," ni Màmá dáhùn.

Ìyàwó ló sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Màmá mú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ ò tíì kún, awakọ̀ sì ń ké pé ó ku ẹnì kan, ẹnì kan péré. Màmá na ọwọ́ jáde, wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà: kí ilé rẹ̀ tutù, kí ẹ̀rín má tán níbẹ̀, kó bí ọmọ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó ń ṣe àmín. Kò ṣe àmín sí èyí tó kẹ́yìn.

Àyè ṣì wà. Ó lè ní, Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ilé ò jìnnà, Dígí ò sì ní í bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Màmá pàápàá ò kánjú. Àdúrà ti tán, wọn ò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó gbójú kúrò lójú wọn, ó ń wo ọ̀nà, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kí èrò kan tó kù yìí tètè dé.

Ó dé. Ọkùnrin kan ni, ó ń sáré bọ̀, báàgì ńlá ń dí i lọ́wọ́. Ìyàwó yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gba báàgì náà kí ọkùnrin náà lè tètè wọlé.