Ta Ló Dín Fáànù Màmá Ṣadé Kù?

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Èmi mọ ohun tí mo rí, ọ̀sán gangan sì ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n so fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ilé mọ́ fóònù. Ṣadé tó wà lókè òkun ló ní kí n lọ sílé ìyá òun ní Abúlé Òkúta. Ẹsẹ̀ màmá ò gbé wọn mọ́, àyà wọn ò sì gba òtútù. Tí wọ́n bá sùn lọ lábẹ́ fáànù, ikọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Ṣadé fẹ́ máa ti ọ̀hún bá wọn dín in kù.

Mo gbé àpótí kékeré tó ń fi iná tí ojú ò lè rí ṣe iṣẹ́ rìmóòtù kalẹ̀, mo sì kó kóòdù fáànù náà wọlé. Fóònù mi ní ó ti wọlé. Fáànù ò mira. Mo wá kóòdù mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó ni. Tòkunbọ̀ ni, ta ló mọ bàbá tó bí i! Ó wá ku kí n tẹ rìmóòtù rẹ̀ gan-an síwájú àpótí náà, kó lè kọ́ ọ.

"Màmá, rìmóòtù ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ bàbá Ṣadé."

"Ṣé kí n lọ gbà á lọ́wọ́ wọn?"

Wọ́n nawọ́ sí àga bàbá tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Inú pósí ni mo ti fi í sí wọn lọ́wọ́, ọmọ mi. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Tí mo bá ti sùn báyìí, wọ́n á rọra dín in kù fún mi."

Àánú wọn ṣe mí. Kò pẹ́, wọ́n sùn lọ. Ikọ́ dé. Mo dìde kí n lọ pa fáànù lára ògiri.

Mo gbọ́ "kọ́" níbi àga bàbá, bí ìgbà téèyàn tẹ rìmóòtù. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀. Iná pupa tó wà lára àpótí náà, tó ṣì ń dúró de rìmóòtù, di àwọ̀ ewé. Fóònù mi ní òun ti gba kóòdù. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Màmá ò la ojú. "Ẹ ṣé o, bàbá Ṣadé," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Mi ò kó irinṣẹ́ mi tán. Ibùdókọ̀ Ladi-Lak ni mo dé kí n tó rí i pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣadé pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, màmá ò wúkọ́ mọ́ o. Àmọ́ mi ò tíì tẹ nǹkan kan látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, fáànù á ti rọlẹ̀."

"Ṣé kí n wá yọ àpótí náà?"

"Rárá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó nǹkan sínú pósí, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ń fi sí òkú lọ́wọ́ dáadáa. Òmíì á ṣì máa lò ó.