Ẹni Tí Bàbá Fi Mí Lé Lọ́wọ́

Nílé wa ní Fadikpe, ní Minna, obìnrin kì í dá rin ìrìnàjò. Kì í ṣe pé wọ́n ní kó má lọ o. Ó lè lọ ibi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n bàbá mi ni yóò gbé àpò rẹ̀ dé gáréèjì. Yóò máa wo ojú àwọn èrò ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì gbé àpò náà lé e lọ́wọ́. "Àmánà nìyí," ni yóò wí, ìyẹn ni pé ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni nìyí. Onítọ̀hún á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ní Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ọmọ ti di ọmọ rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn bàbá bàbá mi ló gbé àṣà yìí wá láti Ìlọrin nígbà tí wọ́n wá ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Minna, a ò sì rí ẹni tó da àmánà rí. Tàbí kí n kúkú sọ pé a ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Èmi náà jẹ àǹfààní rẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí mò ń lọ Kàdúná lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìyàwó sójà kan ni bàbá fi mí lé lọ́wọ́. Obìnrin náà fún mi ní mọ́ínmọ́ín, ó fi ìró rẹ̀ bò mí nígbà tí oorun gbé mi lọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé bí bàbá bá ti wo ojú ènìyàn, ó ti rí inú rẹ̀.

Áfáà ni bàbá mi. Yàtọ̀ sí pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, òun ló ń gbẹ́ wàláà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde ilé wa ló máa ń jókòó sí, èérún igi á bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún wá dín kù sí i, ó di pé ká máa fi ìró gbígbẹ́ igi mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn.

Òrí ni mò ń tà. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin Nupe àti Gbagyi ní ìgbèríko, màá yọ́ ọ, màá sẹ́ ẹ, màá dì í sínú ike kéékèèké. Obìnrin kan ní Niamey, tí àwọn Hausa ń pè ní Yamai, ní òdìkejì bodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, rí òrí mi lórí fóònù, ó ní kí n kó díẹ̀ wá kóun fojú ara òun rí i. Ayọ̀ mi kún. N kò tíì jáde ní Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ nígbà náà, mo sì rò pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ Hausa, ilé mi ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní kí n ra òrùka kí n fi sọ́wọ́, kí àwọn ọkùnrin lè rò pé mo ti lọ́kọ. Òmíràn ní tí mo bá wọ takisí, kí n gbé fóònù sétí, kí n máa bá ọkọ yẹn sọ̀rọ̀, kí awakọ̀ lè gbọ́ pé ẹnì kan ń retí mi. Ẹ̀kẹta ní kí n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo dá wá, kí n máa ní "àwa". Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ra òrùka náà ní Tunga nínú ìlú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Bàbá ní tiẹ̀ kò ṣe wàhálà kankan, nítorí kò ní láti wá ojú ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Oníṣòwò obì kan wà ní àdúgbò Nassarawa nínú ìlú wa, ọmọ Ìlọrin bíi tiwa, Alhaji tí òun àti bàbá jọ ń kírun Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ń lọ sí Yamai. Ní gáréèjì, bàbá gbé àpò mi lé e lọ́wọ́, ó ní, "Àmánà nìyí o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́."

Alhaji fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Haba Áfáà," ó ní, "ọmọ mi ni."

Lójú ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ ni mo jẹ́ lóòótọ́. Ní Kontagora tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀, ó ra omi fún mi. Ní bodè, tí àwọn aṣọ́bodè ń wo ìwé mi wo ojú mi, òun ló bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi jẹ́ kí n kọjá. Nígbà tí a dé Yamai, mo rí i pé Hausa mi kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń sọ Zarma, àwọn tó ń sọ Hausa sì ń sọ ọ́ lọ́nà tí mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin tó ń mu tíì létí títì á dákẹ́ bí mo bá ń kọjá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn tí mo bá kọjá tán. Nínú takisí, mo ń sọ fún ọkọ tí n kò ní pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kó máa gbé oúnjẹ sílẹ̀. Alẹ́ ni mo máa ń tó sinmi, tí mo bá gbọ́ ohùn Alhaji tó ń sọ Yorùbá nínú àgbàlá ilé èrò tó bá wa gbà. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi.

Obìnrin tó pè mí fẹ́ràn òrí náà. Ó fọwọ́ pa á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì ká jọ fẹnu kò. Mo padà sí ilé èrò lẹ́yìn ìrun àìlà. Oòrùn ń jó ilẹ̀, àwọn oníṣòwò tó kù ti lọ sọ́jà, gbogbo àgbàlá dá páropáro. Mo dùbúlẹ̀.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo béèrè pé ta ni.

"Èmi ni. Ṣí i," Alhaji dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń sinmi lọ́wọ́."

"Mo mọ̀ pé ò ń sinmi. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ó ti ilẹ̀kùn wò. Ìṣó kan tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ ni wọ́n fi ń há a látinú, mo sì rí ìṣó náà tó ń yí. Mo fò dìde, mo ti bẹ́ẹ̀dì gbá ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ògiri. Kò gbóhùn sókè rárá. Ohùn tó fi ń bá bàbá mi ṣàwàdà náà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá ẹ ló fi ẹ́ lé mi lọ́wọ́. Èmi ni bàbá ẹ níbí. Ṣé o máa ti bàbá ẹ mọ́ta ni?" Ó sinmi díẹ̀, ó tún tì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló dùn, Yorùbá Ìlọrin tó já gaara, nínú ìlú tí ẹlòmíì kò lè gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ìrun alásárì ló gbà mí sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe pe ìrun, mo gbọ́ tí ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ìró omi bútà rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kì í pẹ́ dé ìrun. Mo gbé àpò mi, mo fi òrí sílẹ̀, mo sáré lọ sí gáréèjì.

Àárín àpò àlùbọ́sà ni mo jókòó sí padà wá sí bodè. Kò sẹ́ni tó fi mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí wà níwájú mi, wọ́n wà lẹ́yìn mi. Obìnrin kan tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀ sùn lé èjìká mi. Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan títí mo fi dé Minna.

Mo bá bàbá lábẹ́ máńgòrò, ó ń gbẹ́ wàláà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilẹ̀kùn, ìṣó tó tẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí mo tì gbá a. Ó dá iṣẹ́ dúró.

"Bóyá ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jẹun ni."

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ."

"Mo gbọ́. Má sọ ọ́ fún ẹlòmíì." Ó sì padà sórí igi rẹ̀.

Mo gbà pé kò gbà mí gbọ́ ni. Ó dùn mí dé eegun, ṣùgbọ́n mo wá àwáwí fún un. Mo ní ọkàn rẹ̀ kò lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé bí àmánà bá bàjẹ́ lójú rẹ̀, kí ló kù fún un? Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji ń gbé itan àgbò wá ní gbogbo Iléyá, bàbá ń gbà á, èmi ń bu omi fún àlejò. "Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?" ni Alhaji máa ń wí. Obìnrin Yamai ti lọ bá ẹlòmíì. Àwọn tó fẹ́ ra òrí pè mí láti Accra, mo ní ara mi ò yá. N kò ré bodè kọjá mọ́. Kódà bí mo bá sùn ní Àbújá, mo ṣì ń ti bẹ́ẹ̀dì gbá ilẹ̀kùn.

Àfi bí àbúrò mi obìnrin ṣe rí àyè lọ kọ́ Faransé ní Kútọnu fún ọdún kan. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìfi kan pa mọ́, mo fún un ní òrùka mi. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù, ọmọ ayé òde òní ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ, ẹnì kan sọ níbi oúnjẹ alẹ́ pé Alhaji ń lọ kó ọjà ní Kútọnu, pé ọjọ́ kan náà ni. Bàbá ní, "To," ìyẹn "ó dáa" lédè Hausa. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo búra fún ara mi pé bí àpò ọmọ yìí bá kan ọwọ́ ọkùnrin yẹn, màá pariwo rẹ̀ ní gáréèjì, kí ojú gbogbo wa jọ tì.

Bàbá ló gbé àpò náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Alhaji ti dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì nínú jalabíà funfun. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo ti la ẹnu.

Bàbá kò gbé e fún un. "Na gode, Alhaji," ó fi Hausa dúpẹ́. "Eléyìí á gbé ẹrù ara rẹ̀." Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú àbúrò mi lọ sídìí bọ́ọ̀sì kejì, ó sì gbé àpò lé ọmọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá fa nǹkan kan yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Igi wàláà ni, tó gbẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́nu, tó nípọn nídìí, tó ha títí tó fi ń dán.

"Tó o bá dé yàrá," ó wí fún un, "há a sábẹ́ ilẹ̀kùn kó o tó bọ́ bàtà."

Inú mi kọ́kọ́ dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọkọ̀ gbéra, a juwọ́, èmi àti bàbá wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Kẹ̀kẹ́ kò tíì dé Tunga tí itan àgbò fi wá sí mi lọ́kàn, gbogbo Iléyá tó ti kọjá, gbogbo omi tí mo ti bù.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ gbà mí gbọ́?"

Ó ń wo ọ̀nà. "Ọjọ́ tó o sọ ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gba ẹran lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Èmi ni mo gbé àpò ẹ lé e lọ́wọ́," ó ní. "Tí mo bá lé e, àwọn ènìyàn á bi mí pé kí ló dé."

Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró ní Tunga. Bàbá ní ilé ṣì jìnnà. Mo ní mo mọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì dá fẹsẹ̀ rìn dé Fadikpe.