Ìgò Àgbo Gìrì Inú Báàgì Màmá

Inú mi kì í pẹ́ bí. Ọ̀gá mi kan nígbà kan ní ọmọdé nìkan ló yẹ kí n máa tọ́jú, torí àwọn nìkan ni kò lè fẹjọ́ mi sùn. Ibẹ̀ náà ni mo sì bọ́ sí: ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ọmọdé, ní ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè. Irọ́ ló máa ń bí mi nínú jù níbẹ̀, pàápàá èyí tí àwọn òbí fi ń kí wa bí wọ́n bá ti wọlé: "A ò fún un ní nǹkan kan."

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ kan sọ ọ́ kí n tó béèrè. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn wá láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́sàn-án, òun, ìyá ọkọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ara ọmọ gbóná láàárọ̀, gìrì sì mú un. Gìrì tí ibà ń fà, a máa ń rí i lójoojúmọ́, a ó fún ọmọ lábẹ́rẹ́, ara á rọlẹ̀. Tèyí kò rí bẹ́ẹ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì dáadáa. Ó ń bì, ó ń làágùn, ẹran ara rẹ̀ ń fò, ọmọlójú rẹ̀ sì ti kéré bí ihò abẹ́rẹ́.

Dókítà kejì tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibà ti wọ ọpọlọ ọmọ ni. Èmi náà ì bá gbà, àmọ́ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbọ́ àyà rẹ̀, òórùn kan gbá mi nímú láti ara aṣọ tí wọ́n fi wé e. Mo mọ òórùn yẹn. Ìyá mi àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í wà láìní ìgò rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àgbo gìrì ni: ewé tábà tí wọ́n rẹ sínú ìtọ̀ màlúù, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti efinrin. Oró inú tábà yẹn, nikotíìnì, á kọ́kọ́ da ara ọmọ rú, lẹ́yìn náà á sọ iṣan di òkú, títí kan èyí tó fi ń mí.

Mo bi ìyá ọmọ pé ṣé wọ́n fi pa á lára ni àbí wọ́n fún un mu. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní àwọn ò fún un ní nǹkan kan. Ó kù díẹ̀ kí n jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kan lèmi náà. Ìyàwó wo ló máa nàka sí ìyá ọkọ rẹ̀ lójú àlejò, tó sì tún fẹ́ sùn nínú ilé yẹn? Màmá, ìyá ọkọ náà, jókòó, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Èémí ọmọ ti ń fúyẹ́. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bọ́ aṣọ yẹn, kó fi ọṣẹ àti omi wẹ ọmọ, kó sì máa fa itọ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ara nìkan ni wọ́n fi pa, omi lè gbà á. Bó bá ti mu ún, a ní láti múra sílẹ̀ de ìgbà tí kò ní lè mí mọ́. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, mo bá gbé ìbínú mi mì, mo kúnlẹ̀ fún màmá.

"Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Àgbo tí ìyá mi àgbà fi wò mí ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ yìí. Ṣé ẹ fún un mu, mà?"

"Ó mu díẹ̀ nílé. Nígbà tí kò jí, mo tún fún un nínú kẹ̀kẹ́." Ó yọ ìgò jáde nínú báàgì. "Òun náà ni mo fi wo bàbá ẹ̀ sàn."

Mi ò tíì dìde tán tí nọ́ọ̀sì fi ké sí mi. Àyà ọmọ kò gbéra mọ́.

Mo fi ike bo imú àti ẹnu rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àpò rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Dókítà kejì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì dúró, ó fún un ní atropíìnì torí ọkàn rẹ̀ ti ń lù falẹ̀, ó sì fa omi ṣúgà sí i lára, torí àgbo yẹn máa ń gbẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Oró tábà kò ní aporó kan pàtó. Èèyàn á kàn máa bá ọmọ mí títí oró náà á fi kúrò lára rẹ̀ ni. Bí ọwọ́ mi bá dúró, èémí rẹ̀ dúró. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń gbọ́ àdúrà ìyá ọmọ lẹ́nu ọ̀nà.

Oòrùn ti ń rọ̀ kí ọmọ tó wúkọ́. Ó mí fúnra rẹ̀, ó tún mí, ó wá sunkún, ẹkún tínínrín kan. Èmi oníkanra, mo bá a sunkún.

Mo jáde lọ bá wọn. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé bí gìrì bá mú ọmọ, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e wá. Mo ní tábà inú àgbo ló fẹ́ pa èyí, kì í ṣe gìrì. Màmá gbọ́ mi tán, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Dókítà, àkọ́bí mi kú," ó ní. "Wọ́n ní gìrì ni. Òun náà ń da itọ́, òun náà ò lè mí mọ́. Mo ti fún un ní àgbo yẹn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí lójú. "Ṣé gìrì ló pa á?"

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbójú sókè. Mi ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́. Mo di ọwọ́ màmá méjèèjì mú.

"Gìrì ni, mà," mo ní. "Gìrì ni."