Ohùn Ìyá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Kò sí gìtá nínú orin tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta ní Ìkàrẹ́ àti òjò orí páànù wa ní Ọ̀kà ni mò ń gbà sílẹ̀, tí mò ń gé, tí mò ń lẹ̀ pọ̀. Òkè òkun ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ wà. Ará ilé ní ariwo lásán ni, n kò sì bẹ̀ wọ́n.

Èyí tó lókìkí jù, ohùn ìyá mi ni, tí wọ́n ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá jẹun. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ, inú bí wọn. Wọ́n ní bí ènìyàn kò bá rí ẹni tó ń pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn.

A ti sin wọ́n báyìí. Lánàá, mo tan orin náà nínú ilé tó ṣófo. Wọ́n pè mí.

Mo ní, "Mò ń bọ̀, mà."