Ohùn Òkè tí Cataldo Fi Kún Orin Oronzo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ba orin Oronzo De Vanna jẹ́, kó má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Napoli lọ béèrè. Ìlú wa níbí, ní Torrecupa, ni ọ̀daràn náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ní ju àga méjì àti dígí kan lọ. Cataldo Mastrorilli ni orúkọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ fárí fúnlùú, bàbá bàbá rẹ̀ náà fárí fúnlùú, wọ́n sì máa ń yọ eyín mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Cataldo kì í yọ eyín ẹnikẹ́ni, torí ojú rẹ̀ kò gba ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn abẹ, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jù láyé ni fèrè idẹ.

Ìlú wa kì í sì í fi ọ̀rọ̀ fèrè ṣeré. Kò sí tíátà níbí láyé ìgbà yẹn. Òpẹ́rà yòówù tí a bá mọ̀, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹgbẹ́ onífèrè ló gbé e wá fún wa lọ́jọ́ ọdún San Trifone, ẹni mímọ́ ìlú wa, lórí pèpéle onígi tí wọ́n máa ń kàn síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Fèrè ńlá á ṣe bàbá, fèrè àárín á ṣe àfẹ́sọ́nà, fèrè Cataldo á sì ṣe ọmọbìnrin. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, tí kò rí aṣọ ìkélé tíátà rí, mọ ibi tí ọmọbìnrin náà yóò ti sunkún, á sì bá a sun ún, tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu.

Ọmọ ìlú wa ni Oronzo. Bàbá rẹ̀ ń ta òróró ólífì. Ó lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Napoli, ó sì kọ òpẹ́rà mẹ́ta. Méjì àkọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un díẹ̀, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Ọmọ Oníyọ̀, ìtàn ọmọbìnrin kan létí òkun tó ń retí ọkọ̀ tó gbé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ. Gbogbo ara ni Oronzo fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òtútù mú obìnrin tó ń kọrin, ohùn rẹ̀ ń ha, àwọn tó jókòó lókè pátá bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, àwọn tìsàlẹ̀ sì gbè é. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá súfèé lé kúrò nínú tíátà, ó sàn fún un kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti eré náà pa. Oronzo di ẹrù rẹ̀, ó wálé, ó ń kọ́ ọmọ olówó ní dùùrù, kò sì kọ orin mìíràn mọ́ títí ó fi kú.

Cataldo wà níbẹ̀ o. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń ṣe sójà ní Napoli, wọ́n sì yá àwọn onífèrè sójà láti wá yan kọjá lórí ìtàgé. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi gbọ́ orin ìkẹyìn ọmọbìnrin náà láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kò sì kúrò létí rẹ̀ mọ́. Nígbà tó padà délé, òun ló bẹ olórí ẹgbẹ́ onífèrè wa, Ọ̀gá Ruggiero, pé kó gba ìwé orin náà lọ́wọ́ Oronzo, kí wọ́n tún un tò fún fèrè. Oronzo gbé e fún wọn.

Ìparí orin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọmọbìnrin náà ti mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní dé mọ́. Oronzo kò jẹ́ kó pariwo. Ó mú ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, títí ó fi dákẹ́. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdún San Trifone, Addolorata, ọmọ oníbúrẹ́dì, dúró níwájú pèpéle, ó káwọ́ sáyà, ó ń wo Cataldo. Ká má parọ́, fáàrí ló wọ̀ ọ́ lára. Níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀, ó gòkè. Ó gbé ohùn náà dé òkè téńté, ó dì í mú síbẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bíi tòmátì. Gbàgede dàrú. Fìlà ń fò sókè. Ruggiero fẹ́ fọ́ ọ lórí, ṣùgbọ́n Addolorata rẹ́rìn-ín, kí ọdún náà sì tó yí po, wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Lọ́dún kejì, Cataldo pinnu pé òun á fọn ọ́n bó ṣe yẹ. Ta ló máa gbà fún un? Àwọn èèyàn ti ń na ọwọ́ sókè kó tó débẹ̀ rárá. Ó gòkè. Ó tún gòkè lọ́dún kẹta. Nígbà tó yá, àwọn ìyá ń fi ohùn òkè yẹn rẹ ọmọ lẹ́kún, àwọn tó ń já ólífì ń fi kọrin lórí àkàbà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé kì í ṣe Oronzo ló kọ ọ́.

Oronzo nìkan ló mọ̀. Ó wà létí gbàgede lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó gbọ́ ọ tán, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tó di Sátidé, ó wá fá irùngbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Cataldo gbé abẹ sí i lọ́rùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ nípa òjò ní Sátidé Sátidé, títí Oronzo fi kú.

Ó ti wá lé lógún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ìlú wa tó kọ́ tíátà tiwa. Gbogbo ẹnu kò pé Ọmọ Oníyọ̀ ni wọ́n máa fi ṣí i. Òtútù ọdún yẹn náà ló mú Addolorata lọ. Látìgbà tí wọ́n ti sin ín, Cataldo kò fọwọ́ kan fèrè. Orí ìṣó lára ògiri ló wà.

Ní Sátidé tó ṣáájú eré, Serafina, àbúrò Oronzo, yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò lọ́kọ, òun ló sì ń tọ́jú ìwé orin náà látijọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni Cataldo wí. "Ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Mo ti kó ìwé Oronzo fún wọn. Ó ń rùn káńfọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ò jẹ ẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ mà."

"Bóyá ó dáa, bóyá kò dáa, a máa rí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, Cataldo. Tí wọ́n bá tún súfèé lé e lẹ́ẹ̀kejì, nílùú tí wọ́n bí i sí, mi ò ní dá a padà sínú àpótí mọ́. Inú ààrò búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ẹ yìí ni màá kó o sí. Mo ti dàgbà jù láti máa ṣọ́ òkú."

"Ta ló máa súfèé lé orin Oronzo ní Torrecupa? Àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n."

Serafina wò ó nínú dígí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," ló wí, ó sì jáde.

Ọṣẹ gbẹ lójú ẹni tó jókòó sórí àga kí Cataldo tó rántí abẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó kìlọ̀ fún àwọn èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ìparí orin inú ìwé kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Kò kìlọ̀. Ohùn òkè yẹn ni ohun tó kù nínú Addolorata lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lágbára àtifi í sílẹ̀.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n ṣe eré. Òkè pátá ni Cataldo jókòó sí, láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, lẹ́yìn Nunzio alápatà, ẹni tí gbogbo òkè ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Ohun gbogbo ń lọ déédéé. Clelia Bonfante, akọrin tí wọ́n mú wá láti Bologna, ti mú kí Nunzio nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orin ìkẹyìn dé. Gbogbo òkè fà síwájú, wọ́n ń retí. Obìnrin náà sì mú ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́.

Cataldo kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tó ń ṣe sójà ní Napoli. Bí Addolorata ṣe lọ gan-an nìyẹn. Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí kò sọ ọ̀kankan mọ́. Cataldo fọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Nunzio súfèé.

Kíá, gbogbo òkè ti gbà á. Súfèé ń bọ́ lu ìtàgé bí yìnyín. Clelia dúró, ọwọ́ rẹ̀ rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀, Serafina ti dìde, ó ń fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

Cataldo náà dìde. Ẹni tó ti fọn fèrè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, èémí kì í wọ́n ọn. "Nunzio, pa ẹnu ẹ dé."

Nunzio yíjú padà. "Kí ló dé? Ìwọ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ súfèé. Obìnrin yìí ò mọ orin wa. Ó jẹ ìparí ẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu."

"Ó mọ̀ ọ́n. Bó ṣe wà nínú ìwé ló ṣe kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Àwa kẹ̀? Àtikékeré la ti ń gbọ́ ọ."

"Lẹ́nu fèrè mi lẹ ti ń gbọ́ ọ. Èmi ni mo fi òkè yẹn kún un. Oronzo ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Súfèé rọlẹ̀. Ẹnìkan láti ìsàlẹ̀ ní, "Gbogbo ọdún wọ̀nyí lo fi ń tàn wá jẹ, onígbàjámọ̀?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ wá bá mi jà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, màá ti pọ́n abẹ sílẹ̀ dè yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ohùn Nunzio ti rẹlẹ̀. "Kí ló wá mú ẹ ṣe é?"

"Addolorata ni. Ó ń wò mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síyẹn. Kò sí ẹni tó wà nílé náà, yàtọ̀ sí àwọn àlejò, tí kò jẹ búrẹ́dì obìnrin yẹn rí.

Láti orí ìtàgé, Clelia gbójú sókè. "Bàbá, ṣé kí n tún un kọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Nunzio, tó o bá tún súfèé, ìwọ lo máa máa fá irùngbọ̀n ara ẹ."

Ó tún un kọ. Ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, Nunzio ṣí fìlà, ó fi sábẹ́ abíyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ alápatà rẹ̀ ńláńlá. Ilé gbà á. Serafina jókòó padà.

Sọ́ńdè mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe eré náà. Ìlú Bari ránṣẹ́ béèrè fún un, Napoli tó súfèé lé e náà sì kọ lẹ́tà. Serafina mú lẹ́tà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a," ló wí. "Tìẹ tiẹ̀ rin ọdún mọ́kànlá lé sí i."

"Ẹ má bínú mà. Bọ̀dá Oronzo mọ̀, àbí?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é tí kò fi ní mọ̀? Mo ní kó lọ bá ọ wí. Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọmọ yẹn ò tíì pàdánù nǹkan kan láyé ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá pàdánù, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un kó tó sọ̀kalẹ̀."

Cataldo kọjú sógiri, ó ń pọ́n abẹ tó ti mú tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọdún San Trifone dé, ó yọ fèrè kúrò lórí ìṣó. Gbàgede kún. Ó débi ìparí orin, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan súfèé láti ẹ̀yìn. Nunzio yíjú sí i, ó ní, "Wò ó, ìwọ ò mọ orin wa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí àwọn yòókù ti ń nu fèrè wọn, Cataldo gbé tirẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọjú sí fèrèsé ilé búrẹ́dì, ó fọn ohùn òkè yẹn nìkan, ó sì dì í mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ti Oronzo. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni ín.