Ìrẹsì Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Fi Yùríà Ṣoge

Láti ìgbà tí ìyá wa ti bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, wọn kò ṣe àṣìṣe rí. Nítorí náà, nígbà tí a ń jiyàn lórí ìrẹsì tí a ó gbìn sí àkùrọ̀ tí baba wa fi sílẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, àwọn ni wọ́n dá a lábàá pé kí olúkúlùkù gbin tirẹ̀ sí ìdajì. Ẹni tí ọkà rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò máa pàṣẹ lórí gbogbo ilẹ̀ náà.

Mo gbé irúgbìn tuntun, ìrẹsì kúkúrú, wá láti Ọ̀yọ́. Wọ́n yan ìrẹsì gíga àtijọ́. A fún méjèèjì ní ajílẹ̀ yùríà. Tiwọn tutù yọ̀yọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Kò sí èrò ọ̀nà oko tí kì í dúró.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìrẹsì yín mà dára o!"

Yin ni yin ni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Bí èrò bá ti kọjá, ẹ̀gbọ́n mi a tún tú yùríà sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó o. Ewé nìkan ló ń fi í ṣe."

"Ìlara ni! Tìrẹ yẹn ńkọ́, tó dà bí irun orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn?"

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní baba l'Ọ́yọ̀ọ́ níbi tí mò ń gbé, mo padà sídìí ìrẹsì tèmi. Ìrẹsì kan wà tó jẹ́ pé bí a bá bọ́ ọ, á jẹ ìwọ̀nba, á fi ìyókù tọ́ ọmọ. Òmíràn, ohun gbogbo tó bá wọlé, aṣọ ni yóò fi rà. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó fi kọ́ ẹni tí kì í ṣàṣìṣe?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìrẹsì gbó, òjò oníjì dé. Tèmi mirí, ó dúró. Arẹwà tiwọn nà gbalaja sínú ẹrẹ̀. A kórè, a lù ú, a fẹ́ ẹ. Koríko ìrẹsì tiwọn ga bí òkìtì, èèpo òfìfo sì ni atẹ́gùn ń gbé lọ. Àpò tiwọn kò tó ìdajì tèmi.

"Ẹ jẹ́ ká ka koríko mọ́ ọn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìyàwó wọn gbé atẹ tó fi ń fẹ́ ọkà sílẹ̀. "Baálé mi, ṣé koríko ni kí n sè fún yín lálẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́ bí ọba.

"Ó dáa. Mo pàṣẹ: láti ọdún tí ń bọ̀, ìrẹsì kúkúrú ni a ó gbìn sí gbogbo ilẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì da yùríà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi!"

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú eékún mi tó ń dùn mí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọgbọ́n yín ló gbà wá."