Bàbá Aláfárá àti Ilé Tó Kọ̀ Láti Jáde

Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí àwọn ayàwòrán-ilé wá wo ilé tí Bàbá Aláfárá ní òun ti kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n jókòó, wọ́n pa iná, bàbá tẹ bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ilé dà, bàbá?" Ọ̀gá ló béèrè.

"Ó ti wà, sà."

"Níbo?"

"Nínú ètò. Kò tíì sí ẹni tó nílò rẹ̀ ni."

"Èmi nílò rẹ̀! Àwọn àlejò yìí nílò rẹ̀!"

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Ojú kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ béèrè."

Bàbá kò parọ́. Èdè kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ ètò rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ kankan àfi tí nǹkan kan bá béèrè èsì rẹ̀. Ohun tó bá sì ti ṣe, kò ní yí i padà mọ́. Irinṣẹ́ ìyàwòrán tí ilé iṣẹ́ ń lò kò gbọ́ èdè yẹn rárá, ni bàbá bá kọ́ afárá sáàárín àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan lè máa rán èkejì níṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ọ̀gá sì ti kìlọ̀: bí àwòrán ò bá jáde lọ́jọ́ náà, wíwó ni òun máa wó afárá, kí kálukú padà sí èdè àtijọ́. Ẹ wo ohun tó ná bàbá: irun dúdú ló fi bẹ̀rẹ̀ afárá yẹn, funfun ló fi parí rẹ̀.

Bàbá yẹ ètò wò. Ìlà ìparí, èyí tó ní kí ojú kọ̀ǹpútà béèrè ilé, ló gbàgbé láti kọ. Ó kọ ọ́ wàràwàrà. Ilé yọ, ilẹ̀kùn ṣí, àwòrán gbé gbogbo wọn wọlé, obìnrin ayàwòrán-ilé kan sì tẹrí ba kí àtẹ́rígbà má baà gbá a lórí. Ọ̀gá tan iná. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wó afárá nígbà tí àlejò ti wọlé tán?

Ìyàwó bàbá, tó jẹ́ télọ̀, ló mọ bí ìwà èdè yẹn ṣe ń rí nínú ilé.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi da ìdọ̀tí inú garawa nù."

"Ṣé o fẹ́ lo garawa yẹn báyìí?"

"Rárá."

"Nígbà tó o bá fẹ́ lò ó, màá dà á nù."

Ìyàwó ò bá a jiyàn. Nígbà tí bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá wọn, oúnjẹ dà?"

"Ó ti wà. Kò tíì sí ẹni tó nílò rẹ̀ ni."

"Èmi nílò rẹ̀!"

"Ó dáa. Ẹ bọ́ sí kíṣìnnì, kí ẹ lọ sè é."

Láti ọjọ́ náà, garawa kì í kún dé ìdajì.

Bọ́tìnnì kan wá já lára ṣẹ́ẹ̀tì bàbá. Bàbá kọ̀ kí wọ́n tún un rán. Ó ní ohun tó ti wà, a kì í yí i padà. Kí ìyàwó òun rán ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tó jọ ọ́, tó ní bọ́tìnnì. Ẹ gbọ́ ìnáwó! Odindi aṣọ nítorí bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan fún un.

"Tuntun nìyí. Àmọ́ òun àti ti àtijọ́ jọ ń lo apá kan náà, ẹ̀yìn kan náà, ọrùn kan náà. Bọ́tìnnì nìkan ni mo fi kún un."

Inú bàbá dùn. "Bí èdè mi ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Abẹ́rẹ́," ni ìyàwó wí.

Níbi iṣẹ́, irinṣẹ́ ìyàwòrán yẹn ni bàbá kò lè bá ṣọ̀rẹ́. Tí ẹ bá fún un ní pupa láti fi kun ilẹ̀kùn, ó máa fi kun ògiri, òrùlé àti ojú ọ̀run, àfi tí ẹ bá gba pupa lọ́wọ́ rẹ̀. "Aláìdápadà!" ni bàbá máa ń pè é. Ó tún afárá ṣe kí ó máa fọ búrọ́ọ̀ṣì irinṣẹ́ náà, kí ó sì máa dá a padà, lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ṣàròyé.

"Bàbá, afárá yín ń falẹ̀."

"Kò falẹ̀, sà. Ó ń fọwọ́ ni."

Àìsàn tó mú bàbá lọ ò falẹ̀ rárá ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá ní àsìkò ti tó láti wó afárá; àgbà tó ń ṣọ́ ọ ti lọ, títọ́jú rẹ̀ á sì náni lówó. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó jókòó fúnra rẹ̀ láti fi àléébù rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní kí afárá bá òun mọ ògiri kan tí gíga rẹ̀ kéré ju òdo lọ. Ètò mìíràn ì bá kú fin-ín lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ti kọ sílẹ̀ de irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló jáde sójú kọ̀ǹpútà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri tí ẹ ní ká mọ yìí, inú ilẹ̀ ló ń lọ. Kò burú, ó ti rẹ̀ yín ni. Ẹ lọ mu omi díẹ̀, kí ẹ wá tún un béèrè."

Ẹ̀rín sọ. Arábìnrin tí tábìlì rẹ̀ kángun sí ti bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó tún un kà, kò wá rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, ó lọ mu omi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó padà, ó tún gíga ògiri kọ, ògiri sì dúró.

"Ẹ má fọwọ́ kan afárá bàbá yẹn," ni ó wí. "Tó bá falẹ̀, a máa dúró dè é."

Ojú rẹ̀ tutù rinrin. Ó ní omi tí òun mu ló ta sí òun lójú.